Mànàmáná Lójú Ọ̀run Ìjẹ̀bú, Fóònù Lọ́wọ́ Ayàwòrán

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 2024, fọ́tò ọkùnrin kan lórí ẹṣin jáde láti ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Farooq Oreagba ni, awò dúdú wà lójú rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí fọ́tò náà fi kọjá òkun, tí àwọn tí kò mọ ibi tí Ìjẹ̀bú wà lórí máàpù sì ń béèrè ìgbà tí ọdún tó ń bọ̀ máa wáyé. Ìjẹ̀bú mọ fọ́tò í yà, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń múra dè é. Àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, a máa wéwèé aṣọ, àwọn ìdílé Balógun a máa wéwèé ẹṣin, wọ́n á sì ti gba ayàwòrán sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Ojú ọ̀run kan náà tó bo Ojúde Ọba ń ṣe ọdún tirẹ̀ ní àsìkò òjò, fọ́tò tiẹ̀ kò sì wọ́pọ̀. Mànàmáná á là láti ìhà Ògbèrè dé ìhà Ṣàgámù, ìkùukùu á tàn kedere, òkùnkùn á tún bò ó. Àwọn ará ilé á ti fèrèsé, wọ́n á yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n, ó parí. Ìran tí àwọn àlejò ń wọkọ̀ òfúrufú lọ wò ní Adágún Maracaibo ní Venezuela ń kọjá lórí òrùlé wa, a kì í sì í tọ́jú ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Bí a bá béèrè ìdí, èsì tó máa ń yá lẹ́nu ni pé kò sí kámẹ́rà gidi, fóònù lásán ló wà. Àpilẹ̀kọ yìí kò gba èsì yẹn wọlé. J.D. 'Okhai Ojeikere, tí ayé mọ̀ fún fọ́tò irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà, Brownie D ló fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1950, kámẹ́rà kékeré tí kò ní iná. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà. Ní 1954 ó ríṣẹ́ sí yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ní Ilé-iṣẹ́ Ìròyìn n'Ìbàdàn, ní 1968 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun, ní 2013 iṣẹ́ rẹ̀ dé ìpàtẹ ńlá Venice ní Ítálì. Kámẹ́rà tó dáa ju Brownie lọ ti bọ́ sí i lọ́wọ́ kó tó dé ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dúró dè é kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó fẹ́ ya mànàmáná ní Ìjẹ̀bú nílò ni kó mọ òjò. Àkókò méjì ló dára jù lọ́dún: ìgbà àkọ́rọ̀, láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, àti ìgbà àrọ̀kúrò, ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Láàárín méjèèjì, pàápàá ní oṣù Keje àti Kẹjọ, òjò lè máa rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kí ààrá má sán lẹ́ẹ̀kan. Òjò wẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ òkun ń gbé wá ni, ìkùukùu rẹ̀ kò ga. Ti àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò yàtọ̀. Ìkùukùu wọn lè ga tó kìlómítà 12 sí 15, ibi tí omi ti ń dì. Nínú ibẹ̀ ni yìnyín ńlá àti yìnyín wẹ́wẹ́ ti ń gbún ara wọn, tí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ títí tí ìkùukùu kò fi ní lè gbà á mọ́ra mọ́.

Ọ̀nà tí òjò ń gbà wá tún ṣe pàtàkì. Èyí tó le jù nínú wọn kì í ti òkun wá, ìlà-oòrùn ló ti ń wá, lórí ìlà gígùn tó lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, ìjì ló sì máa ń ṣíwájú rẹ̀. Line squall ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń pè é. Jerome Omotosho, tó ti ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Fásitì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, ti gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ láti 1985: ó ya omi tí irú òjò yìí ń rọ̀ sí Nàìjíríà sọ́tọ̀ kúrò lára ti òjò ààrá yòókù àti ti òjò afẹ́fẹ́ òkun. Agbègbè olókè Jọ́ọ̀sì wà lára ibi tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ ti máa ń gbéra lọ́sàn-án. Eré tó tó 50 kìlómítà ní wákàtí kan ni ó ń sá. Jọ́ọ̀sì sí Ìjẹ̀bú-Òde lójú òfúrufú jẹ́ nǹkan bí 640 kìlómítà. Ẹ ṣírò rẹ̀: òjò tó gbéra lọ́hùn-ún ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, tí kò bá tú ká lójú ọ̀nà, á dé Ìjẹ̀bú nígbà tí àkùkọ bá ń kọ.

Nítorí náà, fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn ni fèrèsé ayàwòrán. Ẹni tó bá ní dátà lórí fóònù lè ṣí áàpù ojú ọjọ́ Windy lálẹ́, kó wo ibi tí ìkùukùu dé. Ẹni tí kò ní, kó wo ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run níhà Ọ̀rẹ. Lóru tó mọ́, mànàmáná òjò tó ṣì wà ní ọ̀nà tó ju 100 kìlómítà lọ a máa hàn; èèyàn á rí i tó ń bù yẹ̀rì, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ààrá kì í sábà dún kọjá 15 sí 20 kìlómítà. Mànàmáná tí kò dún yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú fò, bẹ́ẹ̀ òun ló dára jù fún fọ́tò, nítorí pé gbogbo ara ìkùukùu ló ń hàn láti ìsàlẹ̀ dókè, tí ẹni tó ń yà á kò sì tíì sí nínú ewu.

Fọ́tò ti kọ́ aráyé lẹ́kọ̀ọ́ nípa mànàmáná tí ojú lásán kò lè kọ́ wọn. Kó tó di ọdún 1882, bí àwọn ayàwòrán ọlọ́dà bá fẹ́ yà á, wọ́n á fà á ní wọ́gọwọ̀gọ, igun rẹ̀ á mú ṣáṣá. William Jennings, ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ló gbé kámẹ́rà síta lọ́dún náà, tó mú mànàmáná sórí gíláàsì fọ́tò, tí gbogbo ènìyàn sì rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀: ó ń wọ́, ó ń yọ ẹ̀ka. Charles Boys ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ronú kámẹ́rà mìíràn tí lẹ́ńsì rẹ̀ ń yí bí ó ṣe ń ya fọ́tò. Ilẹ̀ Áfíríkà ni kámẹ́rà Boys ti ṣiṣẹ́ tó lókìkí jù. Basil Schonland àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Johannesburg gbé e síwájú ààrá láàárín ọdún 1930 sí 1940, wọ́n sì rí i pé ohun tí à ń pè ní mànàmáná kan ṣoṣo kì í ṣe ẹyọ kan. Ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kọ́kọ́ ń bọ̀ láti inú ìkùukùu, ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, ó ń wá ọ̀nà. Bí ó bá ti fẹ́ kan ilẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ńlá tí ojú wa ń rí á gbéra láti ìsàlẹ̀, á sì gba ọ̀nà náà padà sókè. Ó lè tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, òun ló fà á tí mànàmáná fi máa ń gbọ̀n pẹ́pẹ́ lójú. Ọ̀nà tóóró yẹn gbóná tó 30,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ìgbóná ojú oòrùn.

Ohun tó ń parí láàárín àkókò kékeré báyìí kì í dúró de ìka. Ẹni tó bá rí i kó tó tẹ bọ́tìnì ti pẹ́. Ọgbọ́n rẹ̀ ni kí kámẹ́rà ti la ojú sílẹ̀ kí mànàmáná tó dé, bí ẹni gbé korobá sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ nígbà tí òjò ṣì ń ṣú. Òkùnkùn ló ń jẹ́ kó ṣeé ṣe: lóru, kámẹ́rà lè la ojú fún ìṣẹ́jú àáyá 10, 15, kódà 30, kí fọ́tò má sì funfun báláú. Kókó kan tó máa ń rú ọ̀pọ̀ ayàwòrán lójú wà níbẹ̀. Iye àkókò tí kámẹ́rà fi la ojú kò pààrọ̀ bí mànàmáná fúnra rẹ̀ ṣe máa mọ́lẹ̀ tó nínú fọ́tò, torí mànàmáná ti dé, ó ti lọ. Bí ihò lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó àti nọ́ńbà ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, ló ń pinnu ìyẹn. Àkókò ń ṣiṣẹ́ lórí ilé, igi àti ìkùukùu tó dúró sójú kan. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà, kò sì san kọ́bọ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká wo kámẹ́rà tòkúnbọ̀ kan, irú Canon EOS 1100D tó jáde ní 2011, pẹ̀lú lẹ́ńsì 18–55 tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́. Àwọn ayàwòrán ìgbéyàwó ti pa á tì, wọ́n ti ra tuntun. Fún mànàmáná, ó ṣì tó gan-an. Kí ayàwòrán fa lẹ́ńsì náà wálẹ̀ dé 18 kí ojú ọ̀run tó pọ̀ lè wọlé, kó fi ISO sí 100, kó fi ihò lẹ́ńsì sí f/8, kí kámẹ́rà la ojú fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Bí òjò bá ṣì jìnnà, tí mànàmáná ṣókùnkùn, kó wá sí f/5.6, bó bá ti ń súnmọ́, kó lọ sí f/11. Kámẹ́rà kì í lè dá ríran ní òkùnkùn, á máa wá ojú ọ̀nà síwá sẹ́yìn. Iná pupa tó wà lórí òpó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ló ń yanjú èyí: kó dojú lẹ́ńsì kọ ọ̀kan tó jìnnà, kó jẹ́ kí iná náà mú ṣáṣá, kó wá yí bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ lẹ́ńsì láti AF sí MF, kó má sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí òjò á fi tán. Ohun kan tún wà nínú àkójọ ètò kámẹ́rà náà tí wọ́n kọ noise reduction sí. Kó pa á, torí lẹ́yìn fọ́tò onísẹ́kọ́ǹdù 15, kámẹ́rà á tún fi ìṣẹ́jú àáyá 15 mìíràn tún un ṣe. Nínú àkókò yẹn gan-an ni mànàmáná tó dára jù máa ń là.

Kò sí rìmóòtù? Kó ká bébà kékeré, kó gbé e lé bọ́tìnì, kó fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó so ó mọ́ kámẹ́rà kí ó máa tẹ̀ ẹ́, kó sì ti fi kámẹ́rà sí ibi tí á ti máa ya fọ́tò lẹ́sẹẹsẹ. Fọ́tò mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan, bí 240 ní wákàtí kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á jẹ́ òkùnkùn lásán, wọn á sì di píparẹ́ láàárọ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn níbi gbogbo láyé, títí kan ẹni tó ra kámẹ́rà olówó iyebíye.

Kò sí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé? Gàrí Ìjẹ̀bú wà nílé. Ọ̀rá gàrí tí a di ẹnu rẹ̀ pinpin, tí a tún fi aṣọ wé, á gba ìdí kámẹ́rà tàbí ẹ̀gbẹ́ fóònù mọ́ra lójú fèrèsé, kò ní jẹ́ kó yẹ̀. Yanrìn inú àpò náà ń ṣe é. Ohun tó yẹ kí ayàwòrán yẹra fún ni ìdúró lórí ilẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ ń mì. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, tí aládùúgbò tan ẹ̀rọ tirẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, pákó, tábìlì àti ojú fèrèsé gbogbo a máa gbọ̀n díẹ̀, gbígbọ̀n tí ọwọ́ kò ní mọ̀ lára, ṣùgbọ́n tí fọ́tò onísẹ́kọ́ǹdù 15 á mọ̀. Àìsí iná fúnra rẹ̀, oore ni fún iṣẹ́ yìí. Bí ìjì bá ti bẹ̀rẹ̀, ìlú á ṣókùnkùn, iná títì kò ní ba ojú ọ̀run jẹ́ mọ́, òjìji òrùlé páànù àti igi ọ̀pẹ nìkan ló máa kù. Bí mànàmáná bá wá là lẹ́yìn wọn, gbogbo páànù tó ti lómi lórí á dán lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti fóònù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ Tecno, Infinix àti Samsung ló ní ibi tí wọ́n kọ Pro sí nínú kámẹ́rà wọn. Níbẹ̀, èèyàn lè fi ISO sí 100 tàbí 50, kó fi àkókò sí ìṣẹ́jú àáyá 4 sí 10, kó fi ìríran sí ọ̀nà jíjìn, èyí tí àwòrán òkè kékeré sábà máa ń dúró fún. Kó pa iná fóònù, kó fi ìdádúró sí ìṣẹ́jú àáyá méjì kí fóònù lè dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn tí ìka bá kúrò lórí rẹ̀. Lórí Android tí kò ní Pro, Open Camera wà lọ́fẹ̀ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí fóònù bá ṣe lágbára tó ni á ṣe lè ṣe tó. Oní-iPhone lè ya Live Photo, kó wá yí i padà sí Long Exposure. Láti 2017 ni ìyẹn ti wà.

Ọ̀nà tó rọrùn jù fún fóònù kékeré ni fídíò. Kó gbé fóònù kalẹ̀, kó ya fídíò fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó wá máa sún un díẹ̀díẹ̀ láti wá àwòrán tí mànàmáná ti là. Fídíò lásán ní àwòrán 30 nínú ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn á mú un. Nígbà mìíràn ìdajì òkè àwòrán á funfun, ìdajì ìsàlẹ̀ á dúdú, ìlà tààrà ló máa pín wọn. Kì í ṣe pé fóònù bàjẹ́. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni fóònù ń ka àwòrán, láti òkè wá sísàlẹ̀, mànàmáná sì ti lọ kó tó kà á tán. Àwòrán tó ṣíwájú rẹ̀ tàbí èyí tó tẹ̀ lé e ló sábà máa ń pé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kó irinṣẹ́ nílẹ̀ nígbà tí òjò bá dá. Àṣìṣe ńlá ni. Lẹ́yìn tí ìjì àti àrọ̀ọ̀rọ̀dá rẹ̀ bá ti kọjá lọ síhà Ṣàgámù àti Èkó, ìkùukùu fífẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sẹ́yìn rẹ̀. Mànàmáná inú rẹ̀ kì í yára wá sílẹ̀. Abẹ́ ìkùukùu ló máa ń rá lọ, ó ń yọ ẹ̀ka, ó ń tàn láti ìhà kan dé ìkejì, ó sì lè pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn ni kí ayàwòrán kọjú sí nígbà náà, láti inú ilé.

Láti inú ilé: ọ̀rọ̀ yìí kò ní ìjíròrò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ààrá pa màlúù 36 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí òkè kan ní Ìjàrẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí òkè gbalasa ni wọ́n wà. Kò sí fọ́tò tó tó ìyẹn. Ìṣírò bí ààrá ṣe jìnnà tó rọrùn: bí mànàmáná bá là, kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá títí ààrá á fi dún. Mẹ́ta mẹ́ta ni kó pín in, iye kìlómítà tó kù nìyẹn. Bí kò bá pé 30, òjò náà ti wà láàárín kìlómítà 10, kí gbogbo ẹni tó wà níta, lórí àjà ilé, lábẹ́ igi tàbí lórí pápá, wọlé. Kí wọ́n má sì jáde títí ìṣẹ́jú 30 á fi kọjá lẹ́yìn ààrá ìkẹyìn. Nínú ilé pàápàá, kí ayàwòrán má ṣe fara kan irin ààbò ojú fèrèsé, kó má sì fi fóònù sí wáyà iná ara ògiri bó ṣe ń yà. Power bank ni kó lò. Fóònù tí kò sí lórí wáyà kì í fa ààrá, ohunkóhun tí wọ́n ìbáà máa sọ ládùúgbò. Dídúró síbi gíga tàbí síta gbangba ló ń fà á.

Àwọn àgbà máa ń ní kí ọmọdé bo dígí nígbà tí ààrá bá ń sán, kí ẹnikẹ́ni má wọ aṣọ pupa. Ìbọ̀wọ̀ fún Ṣàngó ló wà nídìí rẹ̀, ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ sì ti wọ ìwé àjọ UNESCO láti oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ayàwòrán tó jókòó sí yàrá rẹ̀, tí kò jáde lọ kojú ààrá, kò tàpá sí ohun tí àwọn àgbà wọ̀nyí ń sọ. Ìbẹ̀rù tó yẹ ni wọ́n ń kọ́ni.

Àwọn tó wà lókè òkun kò fi ojú ọ̀run wa sílẹ̀ láìwò. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti gbé sátẹ́láìtì kan lọ sí òfúrufú, tó ní ẹ̀rọ tó ń wá mànàmáná lórí Yúróòpù àti Áfíríkà láti nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè, ẹgbẹ̀rún àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìjẹ̀bú-Òde náà ní ibùdó NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, tirẹ̀ tí wọ́n ti ń wọn òjò àti ìgbóná ojoojúmọ́. Ohun tí sátẹ́láìtì kò lè rí láti òkè ni bí ìkùukùu ṣe rí láti ẹ̀gbẹ́, ibi tí mànàmáná ti kan ilẹ̀, àti bí àdúgbò ṣe rí lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wà nílé ló lè rí ìyẹn.

Àrọ̀kúrò ń bọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ẹ̀pẹ́, ẹ wá fèrèsé ìlà-oòrùn nílé yín, ẹ gbé fóònù lé ọ̀rá gàrí, kí ẹ sì máa ya. Ẹ kọ ọjọ́, agogo, àdúgbò àti ìhà tí ẹ kọjú sí mọ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì jẹ́ kó ṣègbé sínú fóònù tó máa bàjẹ́ lọ́dún méjì. Ẹ̀yin régbérégbé, bí ẹ bá ń ṣètò Ojúde Ọba, ẹ fi ògiri kan sílẹ̀ fún fọ́tò ojú ọ̀run Ìjẹ̀bú, kí àlejò tó wá wo ẹṣin lè rí òjò wa náà.